Ìkòkò Oníkùn Méjì àti Etí Bàbá Fúnmi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ìwé yìí, ẹ kú ìkàlẹ̀. Nǹkan kan ti wà lọ́rùn mi láti ọdún mẹ́fà. Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀ wa, mi ò sì sọ ọ́ fún ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́ kó tó já mi sílẹ̀. Mo ba ayé bàbá àgbàlagbà kan jẹ́. Mi ò lù wọ́n o. Mi ò jí nǹkan wọn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo kà fún wọn.

Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni text kan tó wọ fóònù mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Kò gùn rárá. Mo ti kà á tó ìgbà ogún, mi ò sì tíì mọ ohun tó sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka tèmi dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà máa ṣàánú ẹni tí kò yẹ. Mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní SS2. Kì í ṣe pé àwọn òbí mi ò gbìyànjú. Ìyá mi ń ta bàtà ọmọdé ní Kétu, bàbá mi ń tún fìríìjì ṣe, àwọn méjèèjì ló fẹ́ kí n kàwé. Èmi ni mo sọ pé ilé ìwé ń dí mi lọ́wọ́. Tí ẹ bá béèrè ohun tí mò ń ṣe tí ilé ìwé ń dí, bọ́ọ̀lù ni mò ń gbá. Mi ò sì mọ̀ ọ́n gbá. Golí ni wọ́n máa ń fi mí sí, ìgbà tí èèyàn ò bá pé nìkan.

Ohun kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n kàwé sókè. Ẹ gbé ohunkóhun lé mi lọ́wọ́, ìbáà jẹ́ Bíbélì, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn páálí ọṣẹ, màá kà á jáde geere bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò. Mo lè má mọ ìtumọ̀ ẹ̀. Ṣùgbọ́n màá kà á. Olódo tó mọ̀wé kà ni mí, irú mi ò pọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìwé kíkà yìí náà ló bá mi ríṣẹ́. Mọ́mì kan wà nínú estate tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Sangisa, opó ni wọ́n. Ọkọ wọn jẹ́ onímọ̀ nípa ọ̀dùnkún. Bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀dùnkún. Ó lọ ṣiṣẹ́ ọ̀dùnkún ní orílẹ̀-èdè Peru fún ọ̀pọ̀ ọdún, lókè àwọn òkè gíga ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Andes. Nígbà tó ń bọ̀ nílé, ó kó oríṣiríṣi nǹkan àwọn ará ibẹ̀ bọ̀. Ó kó bùláńkẹ́ẹ̀tì onírun, ó kó okùn tí wọ́n ta ní kókó-kókó láti fi ka nǹkan, ó kó fèrè ọparun. Nígbà tó kú, Mọ́mì to gbogbo ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ilé wọn, wọ́n kọ “Museum” sára géètì. Àwọn ọmọ ilé ìwé máa ń wá láti Ìkòsì àti Ojota. Èmi ni mo máa ń mú wọn yí ká, tí mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ nǹkan kọ̀ọ̀kan fún wọn.

Ẹ dárí jì mí, mo máa ń fi irọ́ díẹ̀ sí i. Mo sọ fún àwọn ọmọ kan pé okùn oníkókó yẹn ni wọ́n fi ń de ọkọ tó bá pẹ́ délé. Tíṣà wọn kọ ọ́ sílẹ̀.

Nǹkan tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni ìkòkò kan. Amọ̀ ni, kò tóbi ju orí ọmọ ọdún méjì lọ. Ó ní ikùn méjì, páìpù amọ̀ kékeré kan so ikùn kìíní mọ́ ìkejì nísàlẹ̀. Lórí ikùn kìíní, ẹnu wà tí wọ́n ń da omi sí. Lórí ikùn kejì, ẹyẹ kékeré kan ló jókòó síbẹ̀, ó gbójú sókè. Wọ́n ya ẹran kan tó jọ ológbò sí i lára, ojú ẹ̀ pupa, ẹnu ẹ̀ jẹ́ yẹ́lò, àwọ̀ ẹ̀ ṣì ń dán. Ó ti ju ẹgbẹ̀rún ọdún méjì lọ, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Àgbẹ̀ kan ló wú u nínú oko ọ̀dùnkún, tó fi ta ọkọ Mọ́mì lọ́rẹ.

Mọ́mì máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé tí èèyàn bá da omi sí i, tó sì fì í síwá sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ á gba inú ẹyẹ yẹn jáde, ẹyẹ á sì súfèé. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ ká gbọ́. Mọ́mì á ní rárá, láti ọjọ́ tó ti dé ọwọ́ àwọn, omi ò kàn án.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí ẹyẹ yẹn. Èmi náà ń bẹ Mọ́mì nínú mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni mí, ìkòkò tó ń súfèé wà níwájú mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, wọ́n sì ní kí n má gbọ́ ohùn ẹ̀.

Bàbá Fúnmi la jọ ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àwọn ló ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń nu tábìlì, tí wọ́n ń tọ́jú òdòdó. Ará Ìlaròó ni wọ́n. Wọn ò lọ sílé ìwé lọ́jọ́ kan rí, ṣùgbọ́n báàsì tí wọ́n ń kọ nínú kọ́áyà ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Kétu, tí ẹ bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, bẹ́ǹṣì á máa gbọ̀n lábẹ́ yín. Wọn ò lè ka orin kankan. Ọ̀gá kọ́áyà á kọ ọ́ sí wọn létí lẹ́ẹ̀kan, ó parí. Etí ni wọ́n fi ń jẹun, kí n kúkú sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Ní tiwọn, wọn ò fi ṣe yẹ̀yẹ́ o, orúkọ gidi ni. Tí wọ́n bá ti nu ìkòkò yẹn tán ní àárọ̀ pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ, wọ́n á ní, “Akọ̀wé, ka tiẹ̀ fún mi.” Màá ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ojoojúmọ́, ọ̀rọ̀ kan náà. Wọ́n á mirí. Wọ́n á ní ìkòkò yìí dàgbà ju Ìlaròó lọ.

Kò sẹ́ni tó fojú yẹn wò mí rí kí n tó pàdé wọn. Nílé wa, tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀.

Ó wá ku ọjọ́ díẹ̀ kí àwọn àlejò dé láti Peru. Ọkọ Mọ́mì ti sọ kó tó kú pé wọn ò gbọ́dọ̀ ta ìkòkò yẹn, kí wọ́n dá a padà fún àwọn tó ni ín. Mọ́mì kọ lẹ́tà títí, àwọn ará Peru ṣẹ̀ṣẹ̀ dáhùn ni. Wọ́n ní àwọn á wá gbé e. Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ wo ìdọ̀tí tó lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀, torí láti ara ìdọ̀tí yẹn ni àwọn á ti mọ ohun tí wọ́n ń mu nínú ẹ̀ láyé àtijọ́. Gbogbo ìyẹn, èmi ò mọ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn ni mo gbọ́.

Mọ́mì wá rìnrìn àjò lọ sí Ìbàdàn lọ wo àbúrò wọn tó ń ṣàìsàn. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní kí gbogbo ilé máa dán. Fóònù miusíọ̀m wà lọ́wọ́ mi. Lọ́jọ́ Túsìdeè, text wọn dé. Màá kọ ọ́ bó ṣe wà:

Alejo n bo Thursday. E nu gbogbo tabili. E ma fo ikoko yen ki won to de o.

Bàbá Fúnmi ń gbá ìta. Wọ́n gbọ́ ìró fóònù, wọ́n béèrè ohun tí Mọ́mì wí.

Ẹ jọ̀ọ́, ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ gbọ́ mi. Fún ọdún mẹ́fà, mo ń sọ fún ara mi pé àṣìṣe ni. Ẹnikẹ́ni ló lè ṣì í kà, àbí? Kò sí àmì lórí ẹ̀. “Ma” lè jẹ́ má, ó lè jẹ́ máa. Irọ́ ni mò ń pa fún ara mi. Mo rí i. Mo dúró lórí “ma” yẹn, mo rí méjèèjì. Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí Mọ́mì ní kí a má fọ̀ ọ́. Mo lè pè wọ́n padà. Owó ò sí nínú fóònù, ṣùgbọ́n obìnrin tó ń fi fóònù pe èèyàn lábẹ́ agboòrùn wà níwájú géètì estate, kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ohun méjì ló dá mi dúró. Àkọ́kọ́, tí mo bá lọ pe Mọ́mì, Bàbá Fúnmi á mọ̀ pé nǹkan kan wà tí Akọ̀wé ò lè kà. Ìkejì ni ẹyẹ yẹn. Tí a bá fọ̀ ọ́, omi á wọ inú ẹ̀, màá gbọ́ ọ.

Mo gbóhùn sókè, mo kà á: “Ẹ máa fọ ìkòkò yẹn kí wọ́n tó dé o.”

Bàbá gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. “Ìkòkò wo? Èyí tí wọ́n ní omi ò gbọ́dọ̀ kàn?”

“Òun náà ni.”

“Tún un kà.”

Mo tún un kà. Mo fa máa yẹn gùn bíi ti alùfáà.

“Ṣé ó dá ọ lójú, Akọ̀wé?”

“Bàbá, nínú èmi àtẹ̀yin, ta ló kàwé?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwọ ni, jàre. Mo ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín yẹn.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe múra sí i. Wọ́n kọ́kọ́ fọ ọwọ́ tiwọn. Wọ́n tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sínú bésìnì ńlá kí ìkòkò má baà fara gbá nǹkan. Wọ́n mú kànrìnkàn tuntun, wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi títí tó fi rọ̀. Wọ́n ń kọrin ṣọ́ọ̀ṣì lábẹ́ ohùn. Bí wọ́n ṣe gbé ìkòkò yẹn, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń wẹ ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ.

Omi wọlé. Wọ́n fì í síwájú kí omi lè dé ikùn kejì.

Ó súfèé.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀. Kò pariwo. Ohùn tín-ín-rín kan ni, ó lọ sókè díẹ̀, ó wá sọ̀kalẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ béèrè nǹkan tó sì gbàgbé. Bàbá Fúnmi, àgbà ọkùnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, wọ́n la ẹnu, wọ́n wò mí. Wọ́n ní, “Ó fọhùn.” Wọ́n tún un ṣe. Ó tún fọhùn. A bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí àwọn ọmọ excursion. Mo ní kí wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún un ṣe.

Ìgbà tí mo wo inú bésìnì, omi ti pupa.

Àwọ̀ yẹn, wọn ò sun ún mọ́ ìkòkò, a ò mọ̀. Ẹ̀yìn tí wọ́n ti sun amọ̀ tán ni wọ́n tó kùn ún sí i lára. Bàbá rò pé ìdọ̀tí ni. Inú wọn dùn sí i, wọ́n ní ẹ ò rí i pé ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn. Wọ́n tún fi kànrìnkàn ra á. Mo dúró, mò ń wò. Ojú ológbò yẹn lọ, ẹnu ẹ̀ lọ, ó wá ku ìkòkò bíráùn lásán, bí èyí tí wọ́n ń gbin òdòdó sí.

Wọ́n béèrè pé, Akọ̀wé, ṣé bó ṣe máa ń rí tó bá mọ́ nìyí? Mo ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

Mọ́mì dé lọ́jọ́ kejì. Wọn ò pariwo. Wọ́n rí ìkòkò, wọ́n sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì ìrìn àjò wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ wọ́n béèrè ẹni tó fọ̀ ọ́. Bàbá Fúnmi ní àwọn ni, wọ́n tiẹ̀ sọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀ díẹ̀, wọ́n rò pé Mọ́mì fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn. Wọ́n ní ṣebí Mọ́mì ló ní kí àwọn fọ̀ ọ́.

“Èmi? Mo ní ẹ má fọ̀ ọ́. Ó wà nínú fóònù mi.” Mọ́mì wá kọjú sí mi. “Kí lo kà fún wọn?”

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó yẹ kí n sọ níbẹ̀ ò ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ. Mo ṣì í kà, Mọ́mì. Mo tiẹ̀ lè fi irọ́ díẹ̀ sí i, kí n sọ pé mi ò mọ̀. Wọ́n lè lé mi. Kí wọ́n lé mi náà, kí ni mo ní tẹ́lẹ̀?

Mo ní, “Má ni mo kà, Mọ́mì. Bàbá ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á pé ẹ má fọ̀ ọ́.”

Bàbá yíjú sí mi. “Akọ̀wé.”

Mo bojú wo ilẹ̀.

“Má lo pè? Kì í ṣe máa?”

“Má ni, Bàbá.”

Mo ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Mo ń retí kí wọ́n pè mí ní òpùrọ́. Tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ̀rù á bà mí, màá jẹ́wọ́. Wọn ò ṣe é. Wọ́n gbé ọwọ́ lọ sí etí wọn ọ̀tún, wọ́n ń fọwọ́ ra á díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé nǹkan já bọ́ níbẹ̀. Wọ́n ní, “Etí mi ni nígbà náà. Mọ́mì, ẹ má bínú. Etí mi ni.”

Ṣé ẹ rí i? Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n gbé èmi, tí kò lè gbá bọ́ọ̀lù, tí kò lè ṣe SS2, sí ọwọ́ kan, wọ́n gbé etí tí wọ́n fi ń kọ báàsì láti ogójì ọdún sí ọwọ́ kejì, èmi ni wọ́n gbà gbọ́.

Àwọn àlejò dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè. Obìnrin kan wà nínú wọn, òun ni ọ̀gá. Ó fi tọ́ọ̀ṣì kékeré wo inú ìkòkò, omi ṣì ṣẹ́ kù níbẹ̀. Kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ìka rẹ̀ kan ibi tí ojú ológbò wà tẹ́lẹ̀, ó yí i po lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tó ń ya ojú náà padà. Wọ́n wé e, wọ́n gbé e lọ. Ìdọ̀tí tí wọ́n fẹ́ wò ti wà nínú gọ́tà Sangisa.

Mọ́mì ní kí Bàbá Fúnmi máa lọ. Mo bá wọn gbé ẹrù wọn dé géètì. Mo bá wọn gbé e o, ẹ wo ojú mi. Níbi géètì, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọ́n ní kí n máa fọ etí mi dáadáa, pé àwọn ni àwọn ò tètè tọ́jú tàwọn.

Tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló parí sí, bóyá ǹ bá ti gbàgbé. Àmọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn ò jìnnà sí òpópónà wa ní Kétu. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fojú rí.

Wọ́n fi kọ́áyà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n kúrò. Wọ́n sọ fún ọ̀gá kọ́áyà pé ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín má àti máa ò gbọ́dọ̀ dúró láàárín àwọn tó ń kọrin. Wọ́n á ní kí ọmọ wọn, Fúnmi, lọ dúró lẹ́yìn wọn kó máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí wọ́n lè dán etí wọn wò. Wọ́n máa ń gbọ́. Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀. Àmọ́ wọn ò gbà pé àwọn gbọ́ ọ dáadáa.

Tí wọ́n bá rí mi lójú ọ̀nà, wọ́n á fi mí han àwọn èèyàn. Wọ́n á ní, Akọ̀wé yìí ló jẹ́ kí n mọ̀ pé etí mi ti ń lọ. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹnì kan júwe ọkùnrin kan fún wọn ní Mile 12, tó ń ta oògùn etí nínú ìgò kékeré. Wọ́n ń kán an sí i. Nígbà tí kò ṣe nǹkan kan, torí kò sí nǹkan tó ń ṣe etí ọ̀hún tẹ́lẹ̀, wọ́n tún fi kún un. Etí bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jáde níbẹ̀, lẹ́yìn náà ọyún. Wọ́n lọ sí ọsibítù, ó ti pẹ́. Kò tó ọdún méjì tí mo purọ́ tí etí ọ̀tún fi dí, òsì tẹ̀ lé e. Etí tí mo sọ pé ó bàjẹ́ wá bàjẹ́ lóòótọ́.

Wọ́n padà sí Ìlaròó. Mọ́mì náà ti kó lọ bá ọmọ wọn lókè òkun, wọ́n ti ta ilé, wọ́n ti pa “Museum” rẹ́ lára géètì. Èmi? Mo wà ní Kétu, mò ń bá wọn pe èrò sí mọ́tò. Wọ́n ní ohùn mi dáa.

Lọ́dún tó kọjá, mo gbìyànjú. Mo ra búrẹ́dì, mo lọ sí Ìlaròó láti lọ jẹ́wọ́. Bàbá Fúnmi ti rù. Wọ́n dá mi mọ̀ láti òkèèrè, wọ́n ń pè mí ní Akọ̀wé, ohùn wọn ò lọ geere mọ́ nítorí wọn ò gbọ́ ara wọn. Mo jókòó síwájú wọn, mo la ẹnu, ìgbà yẹn ni mo wá ronú kan ohun tí olódo bíi tèmi ò rò láti Lagos. Wọn ò gbọ́rọ̀. Wọn ò kàwé. Ibo ni mo fẹ́ gbà?

Fúnmi nìkan ló lè bá wọn sọ̀rọ̀. Òun àti bàbá ẹ̀ ti ní àmì tí wọ́n ń fi ọwọ́ ṣe, àwọn méjèèjì nìkan ló yé. Ó jókòó ti bàbá ẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Brọ̀dá, kí lẹ ní kí n sọ fún wọn?”

Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi. Mo wo ojú Fúnmi. Mo ní, “Sọ fún wọn pé mo kí wọn.”

Ó sọ fún wọn pé mo kí wọn.

Bàbá mirí. Wọ́n wá ṣe nǹkan kan tí mi ò lè gbàgbé láé. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó di ìkòkò mú, wọ́n fì í síwájú díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì fi ẹnu súfèé, ohùn tín-ín-rín, ó lọ sókè, ó sọ̀kalẹ̀. Bó ṣe rí gẹ́lẹ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi. “Ó fọhùn, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́, Akọ̀wé? Ìyẹn, mo gbọ́ ọ.”

Mo jẹ búrẹ́dì tí mo rà fún wọn, mo wọkọ̀ padà sí Kétu.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan láti ṣọ́ọ̀ṣì wọn sọ fún mi pé Bàbá Fúnmi ò lè dìde mọ́. Mo rò ó pé tí wọ́n bá kú báyìí, wọ́n á kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé etí wọn ló ba ìkòkò jẹ́. Ohun kan ṣoṣo tí mo lè dá padà fún wọn nìyẹn: kí wọ́n mọ̀ pé etí wọn ò ṣẹ̀. Àwọ̀ ò lè padà sára ìkòkò, etí ò sì lè padà là. Mo mọ̀.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo kọ gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí Fúnmi, text márùn-ún. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́. Mo ní, jọ̀ọ́, bá mi fi ọwọ́ sọ ọ́ fún wọn. Mo ní ṣé kí n wá.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó fèsì. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò gbé e. Láti ìgbà náà, fóònù ẹ̀ ò lọ mọ́. Èsì ọ̀hún nìyí:

Mo ti ka gbogbo re. Baba o jeun mo. E ma wa ri won.

Ẹ̀yin òǹkàwé, gbogbo ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí ni mo fi àmì sí, ó gbà mí ní ọjọ́ mẹ́ta. Mo bẹ ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́, kó má yọ wọ́n kúrò. Text méjì yẹn nìkan ni mi ò fi àmì sí. Èyí ti Mọ́mì, ó ti kọjá. Èyí ti Fúnmi, mi ò mọ èyí tí mo máa fi sí i.

Ṣé ó ní kí n máa wá rí wọn? Àbí ó ní kí n má wá rí wọn? Mo kọ́kọ́ kà á ní má. Ara tù mí, ẹ gbọ́ mi o, ara tù mí pé mi ò ní lọ wo ojú yẹn. Ìgbà tí ara tù mí yẹn ni ẹ̀rù bà mí, torí ohun tí mo fẹ́ gbọ́ náà ni mo kà lọ́jọ́sí. Tí mo bá wá kà á ní máa, tí mo lọ, tó jẹ́ pé má ló wí, ṣé kí n tún lọ dúró níwájú ẹni tí mo sọ di adití, pẹ̀lú ọmọ ẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ rí mi?

Mi ò gba ojú mi gbọ́ mọ́. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé jù mí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kà á, kí ẹ sì tètè dá mi lóhùn, torí Bàbá ò jẹun mọ́.